Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tó Gbé Sìmẹ́ńtì Mì

Ẹ súnmọ́ mi níbí, ẹ̀yin ọmọ Káyọ̀dé, kí ẹ sì fi fóònù yín sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ má dá mi lóhùn ní Hausa, ẹ má sì dá mi lóhùn lédè Òyìnbó. Ẹ kúkú gbọ́ Yorùbá. Ahọ́n yín ló ń ṣọ̀lẹ. Ẹ bi mí láàárọ̀ yìí ìdí tí bàbá yín kò fi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ mìíràn fún wa ní Narayi níbí, tó fi jẹ́ pé èmi arúgbó ni ẹ bá lórí àpótí, tí mo ń fọ aṣọ. Ẹ rò pé ahun ni mí. Ó dáa, n ó sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn kò bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ.

Nígbà tí bàbá yín àti Dúpẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìwé, Trikania la ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá kan tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra wọn. Kànga wà láàárín, igi máńgòrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mẹkáníìkì ni mí ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kákúrì. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sára aṣọ. Ẹ̀rọ ni mo wí o, mi ò wí páànù. Ọ̀kan nínú wọn ti ń ṣiṣẹ́ kí n tó dé Kàdúná, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo kúrò níbẹ̀. Bí féèrè ilé iṣẹ́ wa bá dún láàárọ̀, gbogbo àdúgbò ló ń fi mọ aago. Ẹni tí kò bá wa ṣiṣẹ́ pàápàá á gbé omi ẹ̀kọ kaná nítorí féèrè yẹn. Lónìí, ẹ tẹ́tí sí ìhà Kákúrì kí ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́. Kẹ̀kẹ́ tó ń wá èrò nìkan ni.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ sọ. Láàárọ̀ Sátidé, ohùn ìfami ló máa ń jí mi. Rọ́bà táyà ni wọ́n fi ń ṣe ìfami nígbà náà, wọ́n á so okùn mọ́ ọn. Bó bá balẹ̀ sínú kànga, á dún gbì, bí ẹni fi ọwọ́ lu ikùn ewúrẹ́. Obìnrin mẹ́fà á jókòó yí kànga ká, oníkálukú lórí àpótí tirẹ̀, bàsíà láàárín ẹsẹ̀. Ọṣẹ gígùn bí apá ni wọ́n ń rà, òwú ni wọ́n sì fi ń gé e. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá gbọ́ ọ: ṣìkọ́ṣìkọ́, ṣìkọ́ṣìkọ́, ọwọ́ méjìlá lórí aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá dá orin, ọwọ́ gbogbo wọn á máa tẹ̀ lé orin náà. Màmá Ladi, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ará ìhà Kafanchan ni. Yorùbá tirẹ̀ kò ju ẹ káàárọ̀ lọ, Hausa ìyá yín àgbà náà kò sì tíì tọ́, síbẹ̀ bí àwọn méjèèjì bá jókòó ti bàsíà, wọn ò ní dákẹ́ títí omi á fi tán. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ títí di òní.

Bí Iléyá bá ku ọjọ́ mélòó kan, àwọn obìnrin Mùsùlùmí ilé wa á kó agbádá funfun àwọn ọkọ wọn jáde, àwọn Kìrìsìtẹ́nì á sì bá wọn fa omi. Bó bá di Kérésìmesì, àwọn náà á bá tiwa fa tiwọn. Wọ́n á da búlúù díẹ̀ sínú omi ìkẹyìn kí aṣọ funfun lè tàn. Wọ́n á se ẹ̀gẹ́ ní sítáàṣì, ṣòkòtò mi á le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dún bí ìwé bí mo bá ń rìn. Ní ìgbà ọyẹ́, aṣọ á gbẹ kí wọ́n tó sá èkejì rẹ̀ tán, á le gbagidi lórí okùn bí ẹja gbígbẹ. Ewúrẹ́ onílé jẹ apá ẹ̀wù iṣẹ́ mi kan lórí okùn yẹn ní Sátidé kan. Ní Mọ́ńdè, ẹ̀wù alápá kan ni mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá wa bi mí pé kí ló dé, mo ní ewúrẹ́ ni, ó ní òun kò tíì gbọ́ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, èmi àti àwọn ọkùnrin ilé wà lábẹ́ máńgòrò, à ń ta díráfù. A ó máa gbọ́ ìró ìfọṣọ wọn. Mo ti sọ fún bàbá yín nígbà tí kò lóǹkà pé bí wọ́n bá fún mi ní orin gbogbo ayé, ìró ọjọ́ Sátidé yẹn ni n ó mú.

Ilé iṣẹ́ aṣọ náà kógbá sílé. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn tó, n kò ní tún un sọ. Ohun tí ẹ kò gbọ́ ni pé lọ́jọ́ tí a tẹ aṣọ ìkẹyìn, èmi ni mo dúró ti ẹ̀rọ. Aṣọ aláwọ̀ aró ni, orí ọkà bàbà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè kún ara rẹ̀. Ọ̀gá wa gé ọ̀pá mẹ́fà-mẹ́fà fún àwa tí a wà níbẹ̀. Ìyá yín àgbà rán tiwa ní ìró àti bùbá. Kì í wọ̀ ọ́ àfi bí ọjọ́ bá nídìí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, ṣùgbọ́n aṣọ yẹn kò di àkísà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún fáànù àti ẹ̀rọ ìlọta ṣe níwájú ilé. Ọjọ́ kan ni mo lọ wá irin ní Panteka, ọjà tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù, ni mo bá rí ẹ̀rọ ìfọṣọ tòkunbọ̀ kan tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì mọ́tò. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọ ọkọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń bú mi. Irin ni láti òkè dé ilẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wà lókè bí ẹnu ìkòkò. Bí o bá gbàgbé ìbọ̀sẹ̀ kan, o ṣí i, o jù ú sí i, iṣẹ́ ń lọ. Apá méjì ló ní. Ọ̀kan ń fọ aṣọ, èkejì ló yẹ kó máa fún omi kúrò lára rẹ̀. Apá tó ń fún aṣọ yìí ti kú kí n tó rà á. Mo ní n ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n èyí tó ń fọ̀ ń fọ̀, ọwọ́ sì wà tí a lè fi fún aṣọ, n kò rí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ kánjú. Nígbà tí bẹ́líìtì rẹ̀ já, mo fi bẹ́líìtì mọ́tò sí i. Nígbà tí bẹ́rìn rẹ̀ jẹ, mo yọ ti ẹ̀rọ ìlọta fi rọ́pò. Ọdún mọ́kànlá ló lò lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí a kó wá sí Narayi, òun la kọ́kọ́ gbé wọ ọkọ̀ ṣáájú bẹ́ẹ̀dì. Ó ń pariwo, òótọ́ ni. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ kò lè ṣe kó má pariwo.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo lọ sin ín, mo lo ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo padà dé, mo bọ́ sí ẹ̀yìn ilé láti ṣan ẹsẹ̀, mo rí ohun funfun kan níbi tí tòkunbọ̀ mi máa ń wà. Ó ń dán. Ojú kan ṣoṣo ló ní níwájú, gíláàsì roboto bí ojú ẹja. Mo pe bàbá yín lórí fóònù ní Abuja.

“Káyọ̀dé, níbo ni maṣíìnì mi wà?”

“Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ti rí tuntun yẹn?”

“Tòkunbọ̀ mi ni mo bi ọ́ léèrè.”

“Àwọn gwangwan ti gbé e, Bàbá, àwọn tó ń ti bárò kiri ra irin. Ó ti gbó. Eléyìí ní ọ̀nà mẹ́rìndínlógún tó ń gbà fọ aṣọ.”

“Ọ̀nà kan ṣoṣo ni aṣọ wa ń gbà dọ̀tí.”

Ó rẹ́rìn-ín. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Ìyá yín àgbà wà nínú ilé ìdáná nígbà yẹn, ó ń gé ẹ̀fọ́, kò sì bá mi dá sí i.

N ó sọ fún yín bí ẹ̀rọ yẹn ti rí. Bí o bá tan án, á kọrin. Bó bá parí, á tún kọrin. Mo bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sí èyí tó kọrin fún mi rí. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Èyí á gba wákàtí mẹ́ta láti fọ bùbá méjì àti aṣọ ìnura kan, á wá kọrin ìṣẹ́gun lé e lórí. Tí ẹ bá sì fa aṣọ náà jáde, ẹ ó rí ọṣẹ funfun ní abẹ́ apá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ti lọ́ mọ́ra wọn bí ìtàkùn. Ó ń béèrè omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára láti ẹnu ẹ̀rọ omi. Ta ló ní irú omi bẹ́ẹ̀ ní Narayi? A ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ìyá yín àgbà á máa fi ife bù ú sínú àpótí kékeré tí wọ́n ń da ọṣẹ sí, ife kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni ń fún ọmọ aláìsàn lóògùn. Bí omi kò bá tó o, á dúró, á kọ lẹ́tà kan sí iwájú orí rẹ̀, á máa ṣẹ́jú. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Mo ti rí ìyẹn lára ènìyàn, n kò mọ̀ pé n ó rí i lára ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ kẹta mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Páànù rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ti agolo sadíìnì. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Ike ni èyí, ike ni tọ̀hún. Kí ló wá mú un wúwo? Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, mo rí i. Sìmẹ́ńtì ni. Wọ́n da sìmẹ́ńtì bí búlọ́ọ̀kù, wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ inú rẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, mo kúkú kọ́ iṣẹ́: kí ó má baà máa jó kiri ilé ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá ní irin tó lára kì í yá sìmẹ́ńtì lò. Mo pe ìyá yín àgbà kí ó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, “Ṣé ó ṣì ń fọ aṣọ?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́nà kan ṣá. Ó ní, “Ẹ bá mi dè é padà.”

Ó kù díẹ̀ kí Àjíǹde dé. Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá yín àgbà kó aṣọ aláwọ̀ aró yẹn, ìró àti bùbá, sínú ẹ̀rọ, nítorí ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú. Mo wà níwájú ilé, mo ń tú fáànù ẹnì kan. Ẹ̀rọ náà ti ń yí aṣọ, omi ti kún inú rẹ̀, ni iná bá lọ. Mo gbọ́ tó pè mí. Mo dé ibẹ̀, ó ń fa ilẹ̀kùn roboto yẹn, kò ṣí. Bí iná bá lọ, ṣe ni ẹ̀rọ yẹn máa ń ti ara rẹ̀ pa, aṣọ rẹ á wà nínú rẹ̀, á máa wò ọ́. Ẹ rántí tòkunbọ̀ tí mo wí, èyí tó ṣe é ṣí nígbàkigbà.

Ní ọjọ́ kejì ní ìrọ̀lẹ́, iná dé. Ẹ̀rọ náà ṣẹ́jú, ó kọ lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan, ó sì kọ̀ láti ṣí. Mo pe ilé ìtajà tí bàbá yín ti rà á. Wọ́n ní kí n ka ìwé tó bá a wá; pé ẹni tó bá fi ọwọ́ da omi sínú rẹ̀ ti jẹ̀bi, ẹni tó bá sì tú ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ̀bi jù. Ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì ni mo ní. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn á rán ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe wá.

Ó dé ní Sátidé. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ni, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò mú sípánà kankan lọ́wọ́. Fóònù ló mú dání. Ó ya àwòrán lẹ́tà tó wà níwájú ẹ̀rọ náà, ó tẹ fóònù rẹ̀ díẹ̀, ó gbójú sókè.

“Bàbá, bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jó.”

“Tú u, kí a jọ wò ó.”

“A kì í tú u, sà. Wọ́n ti dì í pa láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Odindi rẹ̀ la máa ń pààrọ̀.”

“Níbo ni òmíràn wà?”

“Wọ́n á béèrè fún un láti Èkó. Ó lè tó oṣù méjì. Owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti maṣíìnì tuntun.”

“Aṣọ tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú gíláàsì náà. Omi inú rẹ̀ ti dúdú, àwọn orí ọkà bàbà yẹn lẹ̀ mọ́ gíláàsì. “Bàbá,” ó ní, “ẹ ò bá kúkú ra òmíràn.”

“Kí ni wọ́n kọ́ ọ níbi tó o ti kọ́ṣẹ́?”

“Bí a ṣe ń ka lẹ́tà tó bá gbé jáde, sà.”

Kò bínú sí mi. Ó kí wa dáadáa, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Ẹ rí i, kì í ṣe ọmọ burúkú. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dọ̀tí, dókítà tí kì í fọwọ́ kan aláìsàn ni. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí kò ṣe é tún ṣe, wọ́n wá wá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tún ṣe láti máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n bá ara wọn mu.

Inú ti bí mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìyá mi fi kọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò rántí ìyá mi lọ́jọ́ yẹn. Mo mú irin pẹlẹbẹ kan, mo tì í bọ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, mo tẹ̀ ẹ́. Ó fọ́. Omi tú bo ẹsẹ̀ mi, òórùn rẹ̀ dà bí ti àgbàrá. Mo fa bùbá, ó wá. Mo fa ìró, kò wá. Etí rẹ̀ ti há sí àárín rọ́bà àti ìlù irin tó ń yí aṣọ. Mo tún fà á. Ó ya, láti etí dé àárín, ó sì dún.

Mo mú un wọlé tọ ìyá yín àgbà lọ, omi ń kán sílẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní, “Ìyá Dúpẹ́, irú aṣọ yìí lo jù sínú ẹ̀rọ? Ṣé o ò lọ́wọ́ mọ́ ni? Nígbà tí a wà ní Trikania, ṣé ẹ̀rọ lẹ fi ń fọ aṣọ?”

Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n wò ó. Ó gbìyànjú láti fún omi kúrò lára rẹ̀. Àwọn ìka rẹ̀ kò pa dé. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, omi tó jáde kò kún ife. Ó gbé aṣọ náà sílẹ̀.

“Bàbá Dúpẹ́,” ó ní, “èmi ni mo ní kí Káyọ̀dé ra ẹ̀rọ yẹn. Kì í ṣe òun ló rò ó. Èmi náà ni mo ní kí ó gbé tòkunbọ̀ yẹn lọ kí ẹ tó dé, nítorí bí ẹ bá wà nílé, ẹ ò ní gbà.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé ọwọ́ ń dùn ọ́?”

“Mo sọ. Mo ní kí ẹ bá mi tún apá tó ń fún aṣọ ṣe. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń sọ ọ́. Gbogbo fáànù Trikania lẹ tún ṣe, Bàbá Dúpẹ́.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi àkísà nu omi ilẹ̀. Láì gbójú sókè, ó ní, “Ẹ máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìró ìfọṣọ wa máa ń dùn lábẹ́ máńgòrò. Bóyá ó ń dùn. Èmi ò mọ̀. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́.”

Mo jáde, mo jókòó níwájú ilé. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Òwe tí mo máa ń pa fún ẹlòmíràn ni. Mo wá rántí pé ní ìgbà ọyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ máa ń là, ẹ̀jẹ̀ á yọ, á máa fi òrí pa á. Mo máa ń rí òrí yẹn. Mo rò pé nítorí kí ara lè dán ni. Mo tẹ́tí sí àwọn obìnrin yẹn lọ́dọọdún, n kò yọjú wo bàsíà rí. Inú ẹ̀rọ aláṣọ mo mọ̀, bẹ́rìn mo mọ̀, bí nǹkan kan bá fẹ́ bàjẹ́ lára ẹ̀rọ, etí mi á ti gbọ́ ọ kó tó ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó mi bàjẹ́ lójú mi, n kò gbọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò dárí ji ẹ̀rọ yẹn. Ìdọ̀tí ni, ìdọ̀tí ló sì ń jẹ́ títí di òní. Ẹni tó tan arúgbó tí ọwọ́ ń dùn pé òun á gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́, tó wá fún un ní sìmẹ́ńtì àti orin, kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń bú ẹ̀rọ, mo gbọ́dọ̀ bú ara mi tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ lè pé.

Aṣọ mìíràn ló wọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Dókítà ní ilé ìwòsàn tí a lọ lẹ́yìn náà fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní kò gbọdọ̀ fún aṣọ mọ́ láéláé. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé àpótí jáde, mo bu omi, mo jókòó. N kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ènìyàn ní ibi púpọ̀ bẹ́ẹ̀ tó lè máa dùn ún. Mo rẹ aṣọ pupa pọ̀ mọ́ àwọn síńgílẹ́ẹ̀tì mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wọ síńgílẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ òdòdó lábẹ́ agbádá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá yín àgbà jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń darí mi. “Ọrùn rẹ̀, Bàbá Dúpẹ́. Ẹ gbo ọrùn rẹ̀. Ẹ tún un ṣan, ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀.” Bí mo bá ní ọṣẹ ti tán lára rẹ̀, á ní kí n tọ́ ọ wò.

Mo pe àwọn gwangwan kí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ náà. Ọ̀kan dé, ó ti bárò rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, ó fi ìka kan án, ó yí i ká, ó gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè. Ó wò mí lójú. “Baba,” ó ní, “wannan ba ƙarfe ba ne.” Ó ní èyí kì í ṣe irin. Ó ti bárò rẹ̀ lọ. Ẹ wo ọkùnrin tó ń ra ìdérí ìkòkò tó ti lu, tó ń ra ìṣó tó ti wọ́, òun ló kọ ohun tí wọ́n gbé láti Abuja wá. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ẹ̀rọ náà mú inú mi dùn.

Bàbá yín pè, ó bẹ̀ mí, ó ní òun á ra èyí tó dára jù ú lọ. Mo ní n kò ní kọ̀ lórúkọ ìyá rẹ̀ mọ́, mo gbé fóònù fún un. Ó ní, “Káyọ̀dé, fi owó rẹ sílẹ̀ ná. Mo ti rí ẹni tó ń fọ̀ ọ́.” Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ lè sọ fún bàbá yín pé mo sọ fún yín.

Màmá Ladi wá kí wa láti Trikania ní Sátidé kan. Ó bá mi lórí àpótí, ìfófó ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ mi. “Sannu da aiki, Baba,” ó ní, pé mo kú iṣẹ́, bí ẹni tó máa ń bá mi bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ó lọ jókòó ti ìyá yín àgbà, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń rín. Ìjòyè ṣọ́ọ̀ṣì wa kan kọjá, ó dúró, ó ní, “Bàbá, ṣé ìyàwó ti di ọkọ ni?” Mo ní kó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ kí n bá a fọ̀ ọ́, nítorí bí ọrùn ẹ̀wù náà ti dúdú tó yìí, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ nílé rẹ̀, ọwọ́ ló ń dùn ún. Ó wo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì lọ.

Ní oṣù àkọ́kọ́, ìyá yín àgbà kò mọ ibi tí á kó ọwọ́ sí. Á jókòó, á gbé igbá, á máa ṣa ẹ̀wà tí kò sí òkúta nínú rẹ̀. Á dìde, á jókòó. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kan, oòrùn ti gòkè díẹ̀, mo ń ṣan aṣọ ìbora, mo bi í bóyá kí n tún omi bù sí i. Kò dá mi lóhùn. Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì, mo wá bojú wẹ̀yìn. Orí rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó ń sùn. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó, n kò tíì rí i kó sùn ní òwúrọ̀ Sátidé rí. Mo fún aṣọ ìbora náà díẹ̀díẹ̀, mo sún un mọ́ bàsíà, kí omi rẹ̀ má baà dún bó bá ń kán sílẹ̀.